Àìsàn Àná

Àná ni Kékeré ṣàìsàn, òní ló tó gbọ́ nípa rẹ̀.

Ó ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ onígbàjámọ̀ lọ́wọ́, ó ń kó irun orí àwọn oníbàárà àná jọ sí ẹnu ọ̀nà, nígbà tí Bàbá Ọmọ tí wọ́n jọ ń kàwé wọlé pẹ̀lú ọsàn nínú ọ̀rá. Bàbá Ọmọ kò jókòó. Ó wo ojú Kékeré, ó wo ọrùn rẹ̀, ó wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ní kó wá wo òkú tó sì bá òkú níbi tó ti ń fọ aṣọ.

Ó ní, “Ara ńkọ́?”

Kékeré bi í pé ara ta ni. Ni ọ̀rọ̀ bá tú síta. Bàbá Ọmọ ti lọ dá ìwé padà sí ilé ìkàwé láàárọ̀ yìí, obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ sì kó ọsàn lé e lọ́wọ́, ó ní olùkọ́ àgbà ló fi sílẹ̀ fún ọmọbìnrin tí ibà dá dúbúlẹ̀. Olùkọ́ àgbà yìí ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń kọ́ ìṣirò ló mọ̀ ọ́n. Ó gba ìlú kọjá lánàá, ó sì jókòó ní ilé ìkàwé láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọ̀, ó ń tú ìṣirò ìṣeéṣe, èyí tó ń wádìí bóyá nǹkan á ṣẹlẹ̀, palẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Ìdájí òní ló bá tirẹ̀ lọ. Olùkọ́ náà ti ránṣẹ́ pe Kékeré, Bàbá Ọmọ àti Elérìn-ín, ẹnìkẹta wọn. Elérìn-ín nìkan ló lọ. Nígbà tí olùkọ́ náà béèrè àwọn tó kù, Elérìn-ín ní ibà ń ṣe Kékeré, Bàbá Ọmọ sì wà níbi tó ti ń tọ́jú rẹ̀.

Bàbá Ọmọ ní, “Èmi náà ò mọ̀ pé mo di nọ́ọ̀sì.”

Kékeré kò rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ ti gbóná báyìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìdánwò ìṣirò gíga. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó ń kọ́ afárá àti ọ̀nà kì í mú ju ẹnìkan lọ nínú àwọn tó bá ṣe é ní ìlú wọn. Afárá ni Kékeré sì fẹ́ kọ́. Láti kékeré ló ti ń rí afárá níbi gbogbo: nínú okùn aṣọ tó tẹ̀ lágbede méjì, nínú ẹ̀yìn ológbò tó ń na ara. Lọ́dún tó kọjá, ìṣirò ìṣeéṣe ló gbé e ṣubú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún un nígbà náà pé òun yóò tún fún un ní ọdún kan, àti ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀ kí àwọn oníbàárà tó dé. Bí ó bá tún fìdí rẹmi, kó gba ẹ̀rọ ìgẹrun kó wá jókòó tì í. “Orí àwọn èèyàn náà ní iye,” ni onígbàjámọ̀ wí. “Ìyẹn ni wàá máa ṣírò.”

Àwọn mẹ́ta ló wá ń pàdé níwájú dígí ńlá ṣọ́ọ̀bù náà. Bàbá Ọmọ, tí òun nìkan ti bímọ láàárín wọn, ti ṣe ìdánwò yìí títí ojú fi ń tì í láti sọ iye ìgbà. Elérìn-ín, ọ̀rẹ́ Kékeré láti ìgbà tí wọ́n ti ń jọ yọ eyín, ló ní fóònù tó dáa, tirẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ fún gbogbo wọn. Ọṣẹ ni wọ́n fi ń kọ ìṣirò sára dígí. Ẹni tó bá ń kọ́ni á máa wo ojú ara rẹ̀ láàárín àwọn nọ́ńbà, kò sì sí bó ṣe lè díbọ́n pé nǹkan yé òun. Òfin wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tó bá yé ẹnìkan kò gbọdọ̀ bá a sùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó gbọ́dọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù. Nígbà tí ìṣirò matirísì yé Kékeré nídìí iná, ó fi ọbẹ̀ sílẹ̀, ó sáré nínú òjò dé ilé Elérìn-ín. Ọbẹ̀ jó, ìkòkò jó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń kùn bó ṣe ń jẹ ẹ́. Omi tí Kékeré dà síwájú nìyẹn. Ẹlòmíràn ló wá ń tẹ ilẹ̀ tútù rẹ̀.

Elérìn-ín wọlé pẹ̀lú ọṣẹ tuntun lọ́wọ́. Òní ni Kékeré ṣèlérí láti kọ́ wọn ní ìṣirò tó ń wádìí bí nǹkan ṣe ń yí padà, èyí tí Elérìn-ín máa ń sọnù sínú rẹ̀ bí ọmọdé nínú ọjà. Ó kí onígbàjámọ̀ tó ń fi epo sí ẹ̀rọ rẹ̀, ó kí Bàbá Ọmọ, ó wá rí ọsàn.

“Ta ló ń ṣàìsàn?” Ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀.

“Èmi ni,” Kékeré dáhùn. “Ìwọ lo sì mọ̀ ọ́n jù. Ṣé ibà lásán ni, àbí mo tún ń bì?”

Ẹ̀rín náà gbẹ sí i léyín.

Ó kọ́kọ́ ní àtẹ̀jíṣẹ́ olùkọ́ náà pẹ́ kó tó dé. Bàbá Ọmọ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ pé obìnrin ilé ìkàwé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ti fi ránṣẹ́. Elérìn-ín ní àyè ibẹ̀ ò gba èèyàn púpọ̀. Ó tún ní òun rò pé irú Kékeré ò nílò rẹ̀. Onígbàjámọ̀ kò gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní irọ́ yìí ń pààrọ̀ aṣọ ju ìyàwó tuntun lọ.

Elérìn-ín wá jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀.

“Ẹnìkan ni wọ́n máa mú. Gbogbo ohun tí mo mọ̀, ìwọ lo kọ́ mi. Tá a bá jọ wọlé, ìwọ ni wọ́n máa mú, gbogbo wa la mọ̀. Mo kàn fẹ́ ní nǹkan kan tí ìwọ ò ní. Ẹyọ kan péré.”

“O wá fi mí sórí ibùsùn.”

“Kí ni ǹ bá sọ?”

“O ò bá sọ pé mo kú. Wọn ì bá fi odidi àpò ọsàn ránṣẹ́.”

Ohun tó bí Kékeré nínú jù ni pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Irọ́ ìbá rọrùn láti gbá dànù pẹ̀lú irun ilẹ̀.

Elérìn-ín dìde, ó fi apá aṣọ nu dígí. Ó ní òun rántí gbogbo ẹ̀kọ́ àná látòkè délẹ̀, òun á kọ ọ́ síbẹ̀ nísinsìnyí, kí Kékeré náà wá kọ́ òun ní tirẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tán. Kò dúró gba èsì. Ó kọ ìlà àkọ́kọ́. Kékeré rí i pé ohun tí òun ti ń kàn bí ilẹ̀kùn irin láti ọdún tó kọjá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Bí ó bá tún dúró díẹ̀, á wọlé.

Ó yí ojú kúrò.

Bàbá Ọmọ sún mọ́ ọn, ó rọra sọ pé inú bíbí kì í gba máàkì, kí wọ́n gba èyí tó wà nílẹ̀ ná, kí wọ́n máa jà lẹ́yìn ìdánwò. Ó ń wo ìlà orí dígí bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀, bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo oúnjẹ. Kékeré rí ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n àná ló yẹ kí wọ́n pín in. Èyí tó wà lórí dígí lónìí ti di ọjà, ẹni tó ń tà á sì ti dá iye tí wọ́n máa san.

Ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri. Ó kó ọsàn sábẹ́ apá, torí pé tirẹ̀ ni, òun ló ṣàìsàn. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì pariwo.

“Kọ ọ́ fún Bàbá Ọmọ, wọn ò ṣẹ̀ ọ́. Màá jókòó síta, màá kẹ̀yìn sí dígí. Tó o bá parí, nu ún, kó o máa lọ ilé, èmi á wọlé wá kọ́ Bàbá Ọmọ ní tèmi. Tí mo bá tún fìdí rẹmi, màá gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹ, mi ò sì ní kọ́ ẹ mọ́.”