Ọsàn Tí Ọ̀bẹ Tuntun Bó

Ẹ má bi mí ní ìdí tí àpò ṣòkòtò ọkọ mi fi ń já. Èmi télọ̀ ni mò ń rán an, ọ̀bẹ àpò ló ń lu ú: ọ̀bẹ kékeré tí ojú rẹ̀ ń ká wọnú èèkù. Kì í jáde láìmú ọ̀kan dání, kì í sì í mú ti àná jáde lónìí. Bàbá Ọlọ́bẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Bàbá mi náà ní ọ̀bẹ àpò, àmọ́ ẹyọ kan péré ni. Ẹ̀gbọ́n mi tà á pọ̀ mọ́ irinṣẹ́ bàbá lẹ́yìn ìsìnkú, ó sì ń dùn mí títí dòní. Ti ọkọ mi wá gba pẹpẹ òwú mọ́ mi lọ́wọ́!

Mo ní, "Bàbá Ọlọ́bẹ, ó tó gẹ́ẹ́! Tí òmíràn bá tún wọlé yìí, gbogbo wọn ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ra irin àlòkù."

Ó búra pé òun ò ní rà mọ́.

Àmọ́ ọkùnrin yìí ní àṣà kan. Tó bá ra ọ̀bẹ tuntun, ọsàn tèmi ló máa ń kọ́kọ́ fi bó. Kò lè ṣe kó má ṣe é. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà nídìí ẹ̀rọ, ló bá gbé ọsàn bíbó wá nínú àwo. Ta ló bèèrè ọsàn lọ́wọ́ ẹ̀?

"Ẹ tún ti ra òmíràn!"

"Ṣé ọkọ ò lè bó ọsàn fún ìyàwó ẹ̀ mọ́ ni?" Ojú rẹ̀ ń sá kiri.

Inú bí mi gan-an. Mo pe onírin lórí fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀bẹ sínú àpò. Ọkọ mi ò jà. Ó na ọ̀bẹ tuntun náà sí mi, ó ní, "Jọ̀ọ́, wo eléyìí ná."

Èèkù rẹ̀, igi ni. Mo yí i, mo rí àpá eyín kéékèèké. Yéè! Eyín mi ni! Ọ̀bẹ bàbá mi tí wọ́n ní mo máa ń gé jẹ nígbà tí mò ń hu eyín!

"Ọwọ́ ẹni tó ń tún bàtà ṣe ni mo ti rí i," ó ní. "Láti ìgbà tí o ti sọ ọ̀rọ̀ àpá eyín yẹn fún mi ni mo ti ń wá a kiri."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Tí mo bá débì kan tí kì í bá ṣe òun ni mo bá níbẹ̀, ojú máa ń tì mí láti padà lọ́wọ́ òfo, mo á sì ra èyí tí mo rí."

Mo bú sẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú mi. Mo dì mọ́ ọn.

Onírin kan ilẹ̀kùn. "Ìyá Télọ̀, irin dà?"

"Irin wo?" Mo fún un ní ìlàjì ọsàn mi, mo ní kó máa lọ sílé ẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti rán àpò kan fún ọ̀bẹ bàbá mi mọ́ aṣọ iṣẹ́ mi. Ìlọ́po méjì ni mo ṣe é, torí mo mọ ohun tí ọ̀bẹ ń fi ojú àpò rí.