Òwú Pupa Ara Mẹ́mórì

Ó fi sísọ́ọ̀sì gé òwú pupa tí wọ́n fi so àwọn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́mórì kọ̀ǹpútà ní méjì méjì, ó sì jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀.

"Kí lẹ tiẹ̀ ń so wọ́n fún, Àǹtí? Ṣé mẹ́mórì máa sá lọ ni?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ ìhunṣọ tó wà lódìkejì yàrá. "Bí mo ṣe tú wọn nìyẹn, Injiníà. Méjì méjì."

Injiníà. Láti ọjọ́ tó ti jáde ní yunifásítì ló ti ń fi orúkọ yẹn ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Kò dùn ún. Ta ló ń yẹ̀yẹ́ ẹni? Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà tó dàgbà ju ẹni lọ hun súẹ́tà.

Ara àpótí kọ̀ǹpútà náà ti pọ́n bí eyín amutábà. Béèyàn bá tàn án, á lọ wẹ̀, á padà dé kó tó jí. Síbẹ̀, òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ ìhunṣọ ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà. Iléèwé kan fẹ́ ẹyẹ tó na ìyẹ́ méjèèjì sí àyà igba súẹ́tà, ẹyẹ náà sì tóbi ju ohun tí mẹ́mórì rẹ̀ lè gbà lọ. Aago mẹ́rin ni ọ̀gá iléèwé ń bọ̀ wá wo àpẹẹrẹ. Bí kò bá rí ẹyẹ, ilé iṣẹ́ ńlá kan ti ń dúró de iṣẹ́ náà.

"Sọ fún un pé kọ̀ǹpútà yẹn ti kú," ni ìyá rẹ̀ wí kó tó kúrò nílé, "kí gbogbo wa lè sinmi."

Ó yọ mẹ́mórì kéékèèké méjì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ki mẹ́rin tí Àǹtí tú lára òkú kọ̀ǹpútà méjì sí àyè mẹ́rin, bó ṣe bá a lọ́wọ́. Wọ́n kúkú jọra. Ó tàn án. Ojú rẹ̀ ṣú dùdù, ó ké lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀rọ̀ náà yọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ó ti kú, Àǹtí."

"Igbe mélòó ló ké?"

"Mẹ́ta."

"Òkú kì í ké." Ó yí padà wàyí, ó wo òwú tó wà nílẹ̀. "Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi kọ́ ọ láti gé òwú?"

Wọ́n á ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé ò lè gorí igi rí i. Ẹni tó sọ ọ́ kò rí kọ̀ǹpútà rí. Ìṣirò ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lèyí: bí mẹ́mórì kọ̀ọ̀kan bá gbọ́dọ̀ jókòó ti ìkejì rẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta péré lèèyàn lè gbà pín nǹkan mẹ́rin sí méjì méjì. Ọ̀kan ti kùnà. Ó pààrọ̀ wọn, ó tún tàn án. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ka mẹ́mórì rẹ̀: tà, tà, tà, tà. Ó dákẹ́.

"Ó ti ṣe!"

"Kò pé," ni Àǹtí wí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí i.

"Ẹ ò tiẹ̀ wò ó."

"Ṣé ojú ni mo fi ń kà á ni?"

Ó wo nọ́ńbà tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Ìdajì ohun tó yẹ ni.

Aago mẹ́ta ti kọjá. Ó pààrọ̀ wọn sí ọ̀nà kẹta, ó tàn án. Tà, tà, tà. Ó kọjá ibi tó dúró sí tẹ́lẹ̀. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí ẹ̀rọ. Injiníà rí i pé òun náà ń kà á, pé òun ti di ojú, pé ètè òun ń mì.

Ó dákẹ́. Nọ́ńbà náà pé. Àǹtí dìde, ó mú òwú búlúù, ó fi í sẹ́nu abẹ́rẹ́. Kò ní o ṣé. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ìlà kan, ìlà kejì, títí orí ẹyẹ fi yọ.

Mẹ́mórì kéékèèké méjì tó yọ kúrò ṣì wà lórí tábìlì. Injiníà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá òwú pupa lábẹ́ àga. Ó fi so àwọn méjèèjì pọ̀. Ó wò ó, ó tú u, ó tún un so kó le dáadáa.