Ikùn Ẹja Tí Kò Korò

Ẹja tí kò korò ni gbogbo Atakpamé ń yọ̀ sí lọ́dún náà, nígbà tí Faransé ń ṣàkóso Togo. Ta ni ì bá bá wọn wí? Ẹni tí ọbẹ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀ kì í béèrè ohun tí ẹja jẹ kó tó kú.

Sẹ̀ríyà opó ló ń ta ṣáwá yíyan náà. Ṣéhù, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún un, ń bá àwọn apẹja ẹ̀yà Éwé fa àwọ̀n ní Lomé. Òun ló ń di ẹja sínú agbọ̀n fún Eugène, gáàdì ọkọ̀ ojú irin, tí í gbé e wá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

Lọ́dọọdún, bó bá ti di oṣù kẹjọ, ikùn ṣáwá á dúdú, á korò bí ewúro, àwọn obìnrin á já a sọnù kí wọ́n tó sè é. Lọ́tẹ̀ yìí, ikùn mọ́ tónítóní. Mùínátù oníbàárà ní òun jẹ ẹ́ torí-tìrù. Orí Sẹ̀ríyà wú. Ó ní kí Eugène sọ fún Ṣéhù pé irú èyí gan-an lọjà ń fẹ́, kó wá a kún un.

Ọkọ̀ ti lọ kó tó jókòó ti oúnjẹ. Ó la ikùn ẹja kan, kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ó sì gbé òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ apẹja ti sọ fún un rí pé bí òkun bá tutù lóṣù yẹn, àwọn nǹkan wíwínníwínní kan á hù nínú omi títí omi á fi di aláwọ̀ ewé. Oúnjẹ ṣáwá nìyẹn, òun ló ń mú ikùn korò. Bí kò bá hù, ebi á pa ṣáwá, etíkun á ṣófo, apẹja á sì wá ẹja lọ sójú agbami tí ilẹ̀ kò ti hàn mọ́. Ibẹ̀ lọkọ rẹ̀ lọ tí kò bọ̀. Ẹ̀rù bà á dé egungun. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló fi rán ọmọ lọ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì kejì, ẹja ńláńlá ló kún agbọ̀n. Kò sí ṣáwá kan níbẹ̀.

“Ìyá Ṣéhù, ó ní etíkun ti ṣófo,” ni Eugène wí, “ṣùgbọ́n àwọn ti rí ibi tí ẹja wà lókèèrè. Ó ní tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á pọ̀ jùyí lọ.”

Sẹ̀ríyà di apá ẹ̀wù Eugène mú.

“Sọ fún un kó padà wálé. Sọ pé èmi ni mo ṣìwí.”

Eugène ṣèlérí. Lẹ́yìn wọn, àwọn oníbàárà ti ń du ẹja náà mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì kẹta, Sẹ̀ríyà ti dé ibùdókọ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Wọ́n já iyọ̀, wọ́n já aṣọ, wọ́n já kẹrosíìnì. Agbọ̀n kankan kò jáde. Eugène dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ ìkẹyìn. Ó rí i, kò kí i, ó yíjú síbòmíràn.