Mọ́tò Tí Òfin Yọ Sílẹ̀

Kí oòrùn tó mú láàárọ̀ ọjọ́ náà, Màmá Ẹ̀fúùfù ti wa mọ́tò rẹ̀ dé ibùdó àyẹ̀wò ọkọ̀, ó sì ti tò sáàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ ní Ẹ̀fúùfù láyé ọjọ́un tó ń wa áńbúláǹsì, nítorí pé kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀, obìnrin náà á ti dé. Ó fẹ̀yìn tì, orúkọ kò kúrò lára rẹ̀, eré sísá náà kò sì kúrò. Mọ́tò tó jókòó sínú rẹ̀ yìí, aláwọ̀ ewé ni, oníjókòó méjì, kò ní òrùlé, ó sì rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ ní láti kọ́kọ́ bẹ orúnkún rẹ̀. Ó ju àkọ́bí Màmá lọ lọ́jọ́ orí.

Àkọ́bí ọ̀hún ló ń tẹ̀lé e bọ̀ nínú mọ́tò tirẹ̀, mọ́tò funfun kan tí kì í pariwo. Apòògùn ni, obìnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ti fẹnu kò pé ó tó gẹ́ẹ́: kí Màmá lọ sinmi, kí wọ́n gbé mọ́tò náà fún òtẹ́ẹ̀lì kan tó ń wá ohun àtijọ́ sí gbọ̀ngàn rẹ̀, kí àwọn àlejò lè máa dúró tì í ya fọ́tò. Inú bí Màmá, ó là á mọ́lẹ̀ níwájú gbogbo wọn pé, "Ó dáa. Màá gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Bó bá yege, kí n má gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ láéláé. Bí kò bá yege, ọwọ́ ara mi ni màá fi fún yín ní kọ́kọ́rọ́." Ẹyin lọ̀rọ̀, ó sì ti balẹ̀.

Nígbà tó kàn wọ́n, olùyẹ̀wò jáde wá, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí ọ́ìlì ti sọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ di dúdú. Ó yí mọ́tò náà ká, ó súfèé, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ kàn da ara yín láàmú lásán ni. Mọ́tò tó bá ti dàgbà tó báyìí, òfin ti yọ ọ́ sílẹ̀. A kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ẹ máa wà á lọ sílé."

"Kí ló dé?"

"Àwọn tó ni irú rẹ̀ kì í sábà wà á. Wọ́n á nù ún, wọ́n á bò ó. Òfin gbà pé kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan."

Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ọpẹ́ ni ì bá dú. Ohun tí wọn ò bá yẹ̀ wò, wọn ò lè sọ pé kò yege; kọ́kọ́rọ́ á sì wà lọ́wọ́ Màmá. Màmá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ náà mọ̀, ó ti sọ̀ kalẹ̀ wá dúró tì wọ́n. "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ló wí. "A ó jọ sọ ọ́ nílé." Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn gan-an ló dá ìjà sílẹ̀.

"Mi ò lọ." Màmá pa ẹ́ńjìnnì, ó ká apá mọ́ àyà. Ó fàáké kọ́rí, ó kọjú sí olùyẹ̀wò. "Ọmọ mi, ṣé mọ́tò nìyí àbí kì í ṣe mọ́tò?"

"Mọ́tò ni, Màmá."

"Ṣé ojú títì ni mo gbà débí àbí inú òfuurufú?"

"Ojú títì ni."

"Bó bá wá pa ènìyàn lójú títì, ṣé òfin á yọ òkú náà sílẹ̀?"

Awakọ̀ akẹ́rù tó wà lẹ́yìn tẹ hóònù. Màmá gbé ọwọ́ sókè sí i láìwẹ̀yìn, pé kó fara balẹ̀.

"Màmá, ẹ̀ ń dójú tì wá," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Àǹfààní ni wọ́n ṣe fún yín."

"Àǹfààní!" Màmá yíjú sí i. "Irú àǹfààní tí ẹ ṣe fún mi lórí ọ̀rọ̀ àbúrò mi? Ẹ ti sin ín, koríko ti hù lórí rẹ̀, kí ẹ tó sọ fún mi pé ó kú. Ẹ ní kí ọkàn mi má baà dàrú. Ẹ ti yọ èmi náà sílẹ̀ bíi mọ́tò yìí! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé òkú ọmọ ọlọ́mọ kúrò lójú títì, ẹ wá rò pé mi ò lè gbé ti ọmọ ìyá mi. Mi ò fẹ́ àǹfààní kankan. Ẹ yẹ̀ mí wò!"

"Mọ́tò mi" ló fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kò ṣàtúnṣe rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ ikú náà fún un, Màmá kò tíì bi wọ́n ní ìbéèrè kan nípa rẹ̀, wọ́n sì ti rò pé ó ti tán nínú rẹ̀. Olùyẹ̀wò họ irùngbọ̀n rẹ̀. "Ẹ wà á wọlé, Màmá," ló wí.

Kò fojú àánú yẹ̀ ẹ́ wò o. Ó tan iná, ó pa á. Ó gbá táyà kọ̀ọ̀kan mú, ó mì í, ó mi sítíárì náà. Ó fi ẹ̀rọ wọn èéfín rẹ̀, ó ní ó mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ. Inú Màmá ń dùn, ó ń fi ojú ẹ̀gbẹ́ wo ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé mọ́tò sókè, olùyẹ̀wò bọ́ sábẹ́ rẹ̀ tòun ti tọ́ọ̀ṣì, ó ń fi irin kékeré kan kàn án káàkiri, kó, kó, kó. Nígbà tó yá, irin náà dúró lójú kan.

"Màmá, ẹ wá wò ó."

Páìpù tó ń gbé ọ́ìlì bíréèkì lọ sí táyà ẹ̀yìn ni. Ó ti dógùn-ún níbi tí ojú kì í tó. Olùyẹ̀wò fi èékánná hó o, ó ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. "Ọjọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì dáadáa, yóò bẹ́. Kò yege, Màmá. Ẹ ò tiẹ̀ lè wà á kúrò níbí."

"Kò yege," ni Màmá náà wí. Ó dùn ún dé eegun. Síbẹ̀ ó nà ró ṣánṣán, nítorí pé ọkùnrin yìí wo ojú rẹ̀, ó sọ ohun tó burú fún un, kò dọ́gbọ́n sí i. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tinú rẹ̀ wá.

Ó jáde, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Ohun tí mo sọ ni mo sọ. Ẹ gbé e fún òtẹ́ẹ̀lì yín." Màmá kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ó yá, fún mi ní tìẹ."

"Tèmi kẹ̀?"

"Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ. Mọ́tò mi ni kò yege. Èmi yege. Oṣù tó kọjá ni wọ́n yẹ ojú mi wò kí wọ́n tó fún mi ní láísẹ́ǹsì tuntun."

"Màmá, ẹ̀ ń sunkún. Ẹ jẹ́ kí n wà á."

"Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mú un wá."

Ó mú un wá. Olùyẹ̀wò ké láti ẹnu ọ̀nà, ó ní ta ni kí òun pè bí àwọn bá rí páìpù tuntun. Apòògùn wo kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ pe Màmá," ló dáhùn. "Àwọn ló ni mọ́tò wọn."

Màmá gbọ́, kò dúpẹ́. Ó sún ìjókòó síwájú, ó yínmú sí ẹ́ńjìnnì tí kò mọ ariwo í pa, ó sì wà á dé ẹnu géètì.

"Òsì ni, Màmá," ni ọmọ rẹ̀ tó jókòó tì í wí.

"Mo mọ ọ̀nà ilé mi. Ibi tí ẹ sin àbúrò mi sí ni mi ò mọ̀. Ọwọ́ wo ni?"

Ọmọ fa bẹ́líìtì rẹ̀, ó dè é mọ́ra.

"Ọ̀tún ni," ló wí, Màmá sì yà sí ọ̀tún.