Ẹni Tó Dúró Nídìí Táǹkì

Inú mi máa ń tètè bí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn.

Ayafọ́tò ni ọkọ àbúrò mi. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń ya táǹkì omi ńlá àdúgbò wa àti afárá reluwé tó wà lẹ́yìn ẹ̀, lẹ́ẹ̀kan nígbà òjò, lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ojú ibì kan náà ló máa ń dúró sí. Àbúrò mi ló sì máa ń ní kó dúró nídìí wọn, kí èèyàn lè mọ bí wọ́n ṣe ga tó.

Wọ́n fẹ́ pàtẹ fọ́tò ọ̀hún ní gbọ̀ngàn ìlú, ni mo bá lọ bá wọn tò wọ́n sára ògiri pálọ̀, láti ọdún àkọ́kọ́ títí dé tọdún yìí. Ọkọ àbúrò mi ń fọ́nnu: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bí irin yìí ṣe ń dógùn-ún díẹ̀díẹ̀!"

Èmi ò rí irin kankan. Àbúrò mi ni mò ń wò. Òjò ọdún kẹta, ojú òsì ẹ̀ wú dí. Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi báńdéèjì gbé apá ẹ̀ kọ́ ọrùn. Ọdún karùn-ún, ètè ẹ̀ bẹ́. Ọdún keje, oòrùn ń mú janjan, ó fi ìborùn wé ọrùn títí dé àgbọ̀n. Wọ́n á ní ó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, èmi náà á sì gbà. Orí mi ò pé rárá! Balùwẹ̀ wo lèèyàn ń ṣubú nínú ẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá?

"Kó ẹrù ẹ," mo sọ fún àbúrò mi. "Èmi pẹ̀lú ẹ là ń lọ lónìí."

Ó mi orí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ó máa pa mí."

Ọkọ ẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, táǹkì ni mo ní kẹ́ ẹ wò."

"Ẹ̀tẹ̀ ń bẹ nílẹ̀, làpálàpá lò ń pa!" Mo fọ́ ọ létí.

Ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀. Ẹ̀ṣẹ́ ti bà mí lẹ́nu kí n tó mọ̀. Mo fi eyín gé e lápá, ó gbá orí mi mọ́ ògiri, gíláàsì férémù fọ́tò kan fọ́, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí mi lójú. Ó wá fún mi lọ́rùn. "Màá pa ẹ́," ló ń sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò lè mí mọ́.

Àbúrò mi gbé ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, ó là á mọ́ ọkọ ẹ̀ lọ́wọ́. Mo gbọ́ tí eegun kán.

"Ìwọ! Èmi ọkọ ẹ!" Ó yíjú sí i.

Àbúrò mi là á mọ́ ọn lórí. Ọkọ ẹ̀ ṣubú. Àbúrò mi tún là á mọ́ ọn.

"Ó tó! Ó ti tó!" Mo fa àbúrò mi jáde tipátipá, láìwọ bàtà.

Ní gẹ́ẹ̀tì, ó di apá mi mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ti kú?"

"Kò kú. Mo gbọ́ tó ń kérora."

"Ẹ jẹ́ ká sáré nígbà náà."