Ilé Ìdáná Ìyàwó

Èmi ò fọkàn tán ọkùnrin tó bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kíákíá. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò sì sí ẹni tó lè wọlé tàbí kó jáde kí n má rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo mọ ìrìn ẹni tí inú ń bí, mo mọ ti ẹni tó jí nǹkan jẹ. Ti Mọ̀núrù ni kò yé mi mọ́.

Akọ̀wé ni Mọ̀núrù, ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Igbosere. Ọkùnrin oníkùn ni tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ pé ibi tí kò jìnnà rárá, ó gbọ́dọ̀ wọkọ̀ débẹ̀. Lójijì ló bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, tó tún ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, òjò ni o, oòrùn ni o. Ikùn lọ. Ó ní àwọn ò wo tẹlifíṣọ̀n alásansílẹ̀ mọ́. Ó ní kí Jemilat, aya rẹ̀, máa dúró dìgbà tí ọjà Sandgrouse bá fẹ́ẹ́ tú kó tó lọ ra ẹ̀wà, nítorí ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń dín owó rẹ̀. Iléyá dé, Iléyá lọ, kò rán káfítáànì. Ṣòkòtò kan náà ni mo ń bá a lẹ̀ ṣáá, tí mi ò fi mọ èyí tó jẹ́ ṣòkòtò àti èyí tó jẹ́ àlẹ̀mọ́ mọ́.

Mo bi í pé, “Mọ̀núrù, ṣé wọn ò sanwó oṣù fún ẹ mọ́ ni?”

“Wọ́n ń san án, Ìyá Ganiat. Ẹ ṣáà bá mi lẹ̀ ẹ́.”

Ẹ gbọ́ mi yé o. Mi ò sọ pé ahun ni. Ahun kì í túra ká, ṣùgbọ́n Mọ̀núrù ń súfèé, ó ń rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ ń dán. Nígbà tó fẹ́ gba ṣòkòtò lọ́wọ́ mi ni mo rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó le, ó sì ti bó káàkiri. Bírò wo ló ń bó akọ̀wé lọ́wọ́?

Mo sọ fún Jemilat. Kí ni kí n ṣe, kí n dákẹ́ ni? Èmi ni mo dàgbà jù nínú gbogbo àwa tí wọ́n fẹ́ wá sínú ilé náà. Jemilat ní ó ti pẹ́ tóun náà ti ń fura. Ó ní ní gbogbo Sátidé ni Mọ̀núrù ń sọ pé iṣẹ́ pọ̀ ní ọ́fíìsì. Ó tún ní òun rí bàtà òjò tuntun tó fi pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ọkùnrin tí kò ra síńgílẹ́ẹ̀tì fún ara rẹ̀.

Fóònù ló tú àṣírí náà. Ibi tí èèyàn ń gbé sétí lára fóònù Mọ̀núrù ti bàjẹ́, kò sì fẹ́ẹ́ náwó tún un ṣe, nítorí náà gbogbo ẹni tó bá pè é, ohùn wọn ń pariwo jáde ni. Ó máa ń sá wọ balùwẹ̀ lọ dáhùn, àfi bí ẹni pé ògiri balùwẹ̀ wa nípọn. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan, Jemilat ń sá aṣọ lẹ́yìn ibẹ̀, ó sì gbọ́ ohùn Àǹtí Àdìjátù, àbúrò bàbá Mọ̀núrù, tó ń gbé ní Ìkòròdú.

“Mọ̀núrù, ilé ìdáná ìyàwó ti parí o. Ìgbà wo lo máa mú un wá?”

Mọ̀núrù dáhùn pé, “Ẹ rọra, Àǹtí. Ìyá Ashraf wà nílé.”

Ìyá Ashraf yẹn, Jemilat ni. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ń pè é láti ọjọ́ tó ti bí ọmọ náà, ọkọ rẹ̀ sì ni aṣáájú wọn. Orúkọ ìyàwó kì í pẹ́ lára obìnrin nínú ilé wa. Bí wọ́n bá ti gbé òmíràn wọlé lẹ́yìn rẹ, ọ̀dọ̀ onítọ̀hún ni orúkọ náà ń lọ, àwọn tó sì ti wọlé lẹ́yìn Jemilat ti pọ̀. Nítorí náà, ìyàwó kan wà tí wọ́n ń kọ́ ilé ìdáná fún, Ìyá Ashraf kan sì wà tí kò gbọdọ̀ gbọ́. Obìnrin méjì nìyẹn lójú ẹnikẹ́ni.

Jemilat wá bá mi nídìí ẹ̀rọ. Kò sunkún, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù.

“Àǹtí Àdìjátù ló fọ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà ilé yìí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi wá,” ó ní. “Òun náà ló wá ń kọ́ ilé ìdáná fún ẹlòmíì. Mo jẹ ẹ̀wà, Ìyá Ganiat. Mo jẹ ẹ̀wà, mi ò ráhùn, mo ní ìlú ló le. Àṣé èmi ni mò ń febi kọ́lé fún orogún.”

Ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì kan. Bó bá fojú ara rẹ̀ rí obìnrin náà, kò ní padà sílé wa mọ́. Ilé bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ló máa gbà lọ láti Ìkòròdú. Mo ní mo ń bá a lọ. Ṣé kí n jẹ́ kó dá lọ ni? Kí n má purọ́, mo fẹ́ rí obìnrin náà pẹ̀lú.

Ní Sátidé, a jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi tí Mọ̀núrù wọ̀ kúrò ní Ẹ̀bútè Èrò, a wọ èyí tó tẹ̀lé e. Jemilat gbé báàgì lé itan, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e. Èmi ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún obìnrin náà. Mo ti tò ó dáadáa, ó ń dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Láti Ìpakodò, èbúté tí a gúnlẹ̀ sí ní Ìkòròdú, a wọ kẹ̀kẹ́ dé àdúgbò Àǹtí Àdìjátù. Jemilat ti débẹ̀ rí, ó mọ ọ̀nà. Ilẹ̀ òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Àǹtí nígbà yẹn ti di ilé kékeré oníyàrá méjì, ebè sì kún ẹ̀yìn rẹ̀. Mọ̀núrù ló wà láàárín ebè náà pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀ àti ọkọ́ lọ́wọ́, òógùn ti bò ó. Ó rí wa, ọkọ́ bọ́.

Jemilat ní, “Bàbá Ashraf, níbo ló wà?”

“Ta ni?”

“Ìyàwó yín.”

Kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Àǹtí Àdìjátù ti jáde síta, ó ń fọwọ́ kan di gèlè mú. Ó wò wá, ó pàtẹ́wọ́.

“Ìyàwó dé o. Mọ̀núrù, o mú ìyàwó dé, o ò sọ fún mi. Ẹ bá mi bu omi wá, ìyàwó kì í wọ ilé tuntun láìfọ ẹsẹ̀.”

Jemilat wẹ̀yìn. Ó fẹ́ mọ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Èmi náà wẹ̀yìn. Kò sí nǹkan kan lójú ọ̀nà àfi ewúrẹ́ kan.

“Ìwọ ni mò ń bá wí,” Àǹtí ní. “Ìyàwó wo ni mo tún ní?”

Kí wọ́n tó bí Ashraf ni Àǹtí ti kó kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí orúkọ yí padà. Lẹ́nu tirẹ̀, ìyàwó ni Jemilat wà títí di ọjọ́ yẹn.

Mọ̀núrù jáde láàárín ebè. “Ọdún tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀,” ó ní. “Mi ò fẹ́ dúró dìgbà tí wọ́n máa ní kí n máa lọ. Ẹ rántí bàbá mi, Ìyá Ganiat. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì la gbé àga fún wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yín. Wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọn ò dìde mọ́. Èmi ò fẹ́ fẹ̀yìn ti nǹkan kan. Mo fẹ́ẹ́ lo ara mi nígbà tó ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.”

Mo rántí àga náà. Mo rántí bí a ṣe ń gbé bàbá yẹn síta láàárọ̀, tí a tún ń gbé e wọlé nírọ̀lẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò bàjẹ́ mọ́ mi lẹ́nu.

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?” Jemilat ní.

Mọ̀núrù wojú mi. “Ẹ má bínú, Ìyá Ganiat. Tí Ìyá Ashraf bá gbọ́, ẹ̀yin náà gbọ́ nìyẹn. Tẹ́yin bá sì ti gbọ́, gbogbo ilé gbọ́. Wọ́n á máa wá gbowó lọ́wọ́ mi, ìnáwó òkú lónìí, ti ìkómọ lọ́la. Ilé yìí ì bá ti di ráìsì tipẹ́.”

Inú bí mi. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé òótọ́ ló sọ.

“Mo jẹ ẹ̀wà láìmọ ìdí,” Jemilat ní. “Ká ní ẹ sọ fún mi ni, ǹ bá máa rẹ́rìn-ín jẹ ẹ́. Ẹ wò ó, mo ti di ẹrù mi.”

Mọ̀núrù wo báàgì náà, ó sì jókòó sórí ebè bó ṣe wà. Kò mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn. Ó ní òun jẹ̀bi.

Àǹtí Àdìjátù ò ráyè tiwọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó da omi sí Jemilat lẹ́sẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó sì fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé ìdáná. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé ààrò ibẹ̀ ga dé ìbàdí. “Mọ̀núrù ló ní ẹ̀yìn máa ń dùn ẹ́ tó o bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáná,” Àǹtí ní. Jemilat dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé e, kò sì bẹ̀rẹ̀.

“Ó ga tó,” ó ní. Ìgbà yẹn ló wá sunkún.

Ó ní òun máa sun ibẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ẹ́ máa lọ, ó di ọwọ́ mi mú pinpin. “Ìyá Ganiat, ẹ jọ̀ọ́,” ó ní. Mo mọ ohun tó ń bẹ̀ mí sí, kí ará ilé má gbọ́ ni.

Àwọn obìnrin ilé, tí mo ti ta lólobó ká tó lọ, ti kóra jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n tó dé. Hussainat, aya àbúrò Mọ̀núrù, ló kọ́kọ́ béèrè pé, “Ìyá Ganiat, kí lẹ rí?”

Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ mi. “Ìyàwó wà níbẹ̀,” mo ní. “Ó ti ní ilé ìdáná tirẹ̀. Àǹtí Àdìjátù fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ níṣojú mi.”

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní àṣé ibẹ̀ ni owó Mọ̀núrù ń gbà lọ. Wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má gbé ọ̀rọ̀ ìnáwó lọ bá a mọ́, pé kí ló kù lọ́wọ́ onílé méjì? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ṣé ó tiẹ̀ rẹwà?” Hussainat ní.

Mo rántí Jemilat níwájú ààrò yẹn, bó ṣe nàró tó gbé ọwọ́ lé e.

“Ó rẹwà,” mo ní. “Ó rẹwà gan-an.”