Ohun Tí Àwọn Ẹlẹ́ja Kọ Sínú Ìwé Ìbéèrè

Jodie Cuthbert ti ya àwòrán èèpo iwájú ìwé ìròyìn orin rẹ̀ tán kó tó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni irú ìwé tí wọ́n fẹ́ kà. Dúdú ni gbogbo ojú rẹ̀, lẹ́tà funfun tín-ín-rín ni wọ́n fi kọ àkọlé, ọmọkùnrin kan tó fajú ro sì gbé gìtá kọ́ èjìká bí ẹni tí kò tíì jẹun láti àná. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ibùsùn rẹ̀. Ohun tó kù lójú tirẹ̀ ò ju kékeré lọ: ìwádìí.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ní Grimsby, ẹni tó bá ń ṣe ìwé ìròyìn fún ìdánwò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi àwọn òǹkàwé léèrè: àwọ̀ wo lẹ fẹ́, irú lẹ́tà wo, àwòrán ta ni, kí lẹ fẹ́ bá nínú rẹ̀? Látinú ìdáhùn wọn ni èèpo ìwé yóò ti jáde. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan tó tẹ̀ lé ètò yẹn, ẹ bá mi kí i. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló máa ń fárí tán, tí wọ́n á wá máa wá olórí kiri ìlú.

Jodie tẹ ọgbọ̀n ìwé ìbéèrè, ó pín wọn fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mẹ́ta ló padà wá. Wọ́n ti fi ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tó délé, ó ń ráhùn bó ṣe ń jẹ búrẹ́dì yíyan àti ẹ̀wà inú agolo.

"Dádì, wọn ò dá a padà! Mo ti tẹ ogún míì, mi ò sì mọ ẹni tí mo máa fún."

Des, bàbá rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ẹja lẹ́bàá èbúté, níbi tó ti ń la ẹja láti aago mẹ́fà ìdájí. Àwọn méjèèjì péré ló wà nílé. "Àwọn wo lo fẹ́ kó dáhùn ẹ̀?"

"Àwọn tó ń gbọ́ orin."

"Ta wá ni kì í gbọ́ orin?"

Oúnjẹ kún ẹnu Jodie. Ká ní ó ti sọ nígbà yẹn pé àwọn ọ̀dọ́ lòun fẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí sídìí tábìlì.

Ní Ọjọ́bọ̀, Des wọlé, ó gbé àpò búrẹ́dì kan lélẹ̀ bí ẹni gbé ẹ̀bùn ọdún kalẹ̀. Inú rẹ̀ ló kó àwọn ìwé ìbéèrè tó mú lọ síbi iṣẹ́ sí kí omi má bàa kàn wọ́n.

"Ogún!" ló wí. "Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fi ṣeré o, pé ìdánwò ọmọ mi ni. Obìnrin kan tá a jọ ń la ẹja, Mo Pettit, kọ tiẹ̀ dé ẹ̀yìn ìwé. Alf tá a jọ ń ṣiṣẹ́ náà kọ tiẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ẹ̀ tó ń gbọ̀n yẹn. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a kọ ọ́, ó ní ṣé mo rò pé òun ò lọ síléèwé ni."

Jodie ṣí àpò náà. Òórùn ẹja bẹ́ jáde. Kò sí ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí ogójì nínú àwọn tó kọ ọ́. Ẹnì kan kọ ọ́ pé: "Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà. Mi ò lè máa wá awò ojú mi kiri torí ẹni tó fẹ́ kọrin." Òmíràn ní: "Ẹ má fi ọmọ tó fajú ro síwájú ìwé. A ní ọ̀kan nílé." Alf fi lẹ́tà wúruwùru bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ ibi tí eré máa wáyé lọ́jọ́ Sátidé, àti bọ́ọ̀sì tí èèyàn máa wọ̀ padà. Mo Pettit sì kọ bí òun àti ọkọ òun tó ti kú ṣe máa ń wọkọ̀ lọ síbi ijó alẹ́ nílùú Wigan nígbà èwe, tí wọ́n á jó títí ilẹ̀ á fi mọ́, àti pé kò sí ìwé kankan tó rántí irú àwọn mọ́. Gbogbo ẹ̀yìn ìwé náà kún.

Kí ni Jodie rí nínú gbogbo èyí? Ẹja ló rí. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan fọwọ́ bo imú nígbà tí Jodie jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo bọ́ọ̀sì sì rẹ́rìn-ín. Ó ń fojú inú wo bí tíṣà rẹ̀ yóò ṣe tú àpò náà níwájú kíláàsì.

"Ẹ ṣé gan-an, Dádì," ló wí, ó sì fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti àpò náà bọnú garawa ìdọ̀tí ní ibùdókọ̀. Ó jókòó sí ibi ìkàwé pẹ̀lú bírò mẹ́rin, ó sì kọ ogún ìdáhùn fúnra rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì kọ díẹ̀, ó tẹ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyanu ńlá gbáà ni: gbogbo ogún ló fẹ́ dúdú, gbogbo wọn fẹ́ lẹ́tà tín-ín-rín, gbogbo wọn ló sì ń wá ọmọkùnrin tó fajú ro.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìpàdé òbí àti olùkọ́. Des ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọwọ́ títí ó fi pọ́n, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú. Míìsì Farrow, tíṣà náà, jókòó sẹ́yìn tábìlì kékeré nínú gbọ̀ngàn, ìṣẹ́jú márùn-ún ló ní fún òbí kọ̀ọ̀kan.

"Ọwọ́ Jodie dáa," ló wí. "Ohun kan ló ń kọ mí lóminú. Ogún èèyàn ló bi léèrè, ohun kan náà ni gbogbo wọn fẹ́. Mi ò rí irú ẹ̀ rí."

Des bú sẹ́rìn-ín. "Gbogbo wọn kẹ̀? Mo Pettit àti Alf? Àwọn tí wọn ò lè fẹnu kò lórí ṣúgà tíì!"

"Ta ni Mo Pettit?" ni Míìsì Farrow béèrè. Ó ṣí fáìlì, ó ti àwọn ìwé náà síwájú Des.

Jodie, tó jókòó ti bàbá rẹ̀, mọ̀ pé tí tíṣà bá mọ̀ pé òun hùmọ̀ rẹ̀ ni, wọ́n lè fagi lé gbogbo iṣẹ́ òun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń dẹ́rù bà á. Ojú bàbá rẹ̀ ló ń wò. Des mú ìwé àkọ́kọ́, ó kà á. Ó mú ìkejì. Nígbà tó dé orí ìkẹrin, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ọ̀nàkọnà tí ọmọ yìí ì báà gbé bírò gbà, Des mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ látinú ìwé tí ọmọ náà ti ń lẹ̀ mọ́ fíríìjì láti ọmọ ọdún márùn-ún.

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó to àwọn ìwé náà jọ, ó gún etí wọn dọ́gba.

"Ẹ má bínú, Míìsì," ló wí. "Iṣẹ́ mìíràn ni mo ń rò. Ọpọlọ àgbà."

Míìsì Farrow wo Jodie. Àyè wà láti sọ̀rọ̀. Jodie gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó jẹ́ kí bàbá rẹ̀ purọ́ nítorí rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e jáde.

Nínú mọ́tò, Des kò ṣíná sí i.

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Mo dà wọ́n nù."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọ́n ń... wọ́n ń rùn, Dádì."

Bó ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ló mọ ohun tóun sọ. Des wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí ìdarí mọ́tò, ó kó wọn sílẹ̀ sórí itan.

"Ó dáa," ló wí. Ó tún ní: "Gbogbo àkókò ìsinmi tá a fi ń mu tíì ni Alf fi kọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé ṣé ìwé náà ti jáde."

"Kí lẹ ń sọ fún wọn?"

"Mo ní ọmọ mi ṣì ń ṣe é lọ́wọ́."

Ìtìjú tó mú Jodie lọ́jọ́ náà kì í ṣe irú èyí tó ti mọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ti bọ́ọ̀sì, àwọn ẹlòmíràn ló dá a sí i lára. Èyí, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ bá Míìsì Farrow, ó jẹ́wọ́. Tíṣà ní gbogbo máàkì ìwádìí ti lọ nìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ tún èèpo ìwé náà ṣe, kó lọ bi èèyàn gidi léèrè. Aago mẹ́wàá, àkókò tíì, ó dé kántíìnì ilé iṣẹ́ ẹja pẹ̀lú ìwé ìbéèrè tuntun.

Mo Pettit ló kọ́kọ́ rí i. "Ẹ wo oníwèé ìròyìn! Ṣé àwòrán mi ló wà níwájú ẹ̀?"

Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Des ti dìde kíá. "Ti àkọ́kọ́ sọnù nínú bọ́ọ̀sì ni," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a tún un kọ."

"Págà!" ni Alf wí. "Bọ́ọ̀sì yẹn ti gbé fìlà mi lọ rí." Ó ti na ọwọ́ gbígbọ̀n rẹ̀ láti gba ìwé.

Bí Jodie bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí bàbá rẹ̀ ń fẹnu ara rẹ̀ purọ́ nítorí rẹ̀.

"Kò sọnù," ni Jodie wí. "Èmi ni mo dà á nù. Ojú ló tì mí pé ará ilé iṣẹ́ ẹja ló kọ ọ́."

Alf fa ọwọ́ rẹ̀ padà sórí ife. Mo Pettit wò ó títí.

"Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ ọkọ mi yẹn fún ẹnì kankan rí," ló wí. "Mi ò sì ní lè kọ ọ́ mọ́." Ó gbé tíì rẹ̀, ó jáde.

Mẹ́sàn-án nínú wọn ló gba ìwé, wọ́n sì kọ ọ́ láìwo ojú Jodie. Àwọn yòókù yí ojú sí fèrèsé. Jodie dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìyókù lọ́wọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Mú ọ̀kan wá," ni Des wí.

"Dádì, ẹ̀yin ti ṣe tó."

"Mi ò kọ ìkankan nígbà yẹn. Mo fi gbogbo rẹ̀ fún wọn. Èmi ni o ò bi."

Ó fa àga jáde fún un. Jodie jókòó, ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó mú bírò. Irú orin wo lẹ fẹ́ràn jù? ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Ó gbójú sókè wo bàbá rẹ̀, ojú sì tún tì í, nítorí kò mọ orin tí bàbá rẹ̀ máa dárúkọ, kò bi í léèrè rí.